Ẹ Má Fowó Ra Ohun Tí Ẹ̀dọ̀ Ń Ṣe

Orúkọ kan tó ti ń wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn tó ń polówó oògùn láyé òde òní ni glutathione. Ní Èkó àti Àbújá, wọ́n ń fi í sínú abẹ́rẹ́ àti dírípù fún ẹni tó fẹ́ kí awọ ara òun mọ́lẹ̀. Lórí fóònù, wọ́n ń tà á ní kápúsù fún àgbàlagbà tí kò fẹ́ kí ogbó tètè dé, ibi tí fóònù bá sì dé ni ìpolówó náà ń dé, títí kan àwọn abúlé orí omi ní Ìlàjẹ. Òótọ́ wà nínú ohun tí wọ́n ń sọ, òun ló sì mú kí ọ̀rọ̀ náà gba àròjinlẹ̀. Glutathione ṣe pàtàkì fún ara, ó sì máa ń dín kù bí ọjọ́ orí ṣe ń lọ sókè. Ibi tí mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ àwọn olùpolówó ni ibi tí wọ́n ní ká ti lọ wá a. Ara fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é, ẹ̀dọ̀ sì ni ọ̀gá nínú àwọn tó ń ṣe é. Ará Igbókòdá tó ti lé ní 60 ọdún, tó fẹ́ kí tirẹ̀ má gbẹ, ní ìbéèrè mẹ́ta láti bi ara rẹ̀ kí ó tó fọwọ́ kan àpò: kí ni mò ń jẹ tí ara mi yóò fi ṣe é? Kí ni ń ná an dànù lára mi? Àyẹ̀wò wo ni yóò fi ibi tó ti ń jò hàn mí?

Ẹni tó ń gbé etíkun mọ ohun tí atẹ́gùn oníyọ̀ ń ṣe sí páànù. Èyí tí wọ́n kàn sórí ilé ní Ayétòrò a ti dógùn-ún kí ẹgbẹ́ rẹ̀ tó wà ní Àkúrẹ́ tó ṣá. Irú ìdógùn-ún bẹ́ẹ̀ ń lọ nínú ara ènìyàn lójoojúmọ́. Ọ́síjìn tí à ń mí sínú ni ara fi ń sun oúnjẹ di agbára. Bí igi inú ààrò ṣe ń rú èéfín, bẹ́ẹ̀ ni ìsun oúnjẹ yìí ń tú àwọn èròjà kéékèèké sílẹ̀ tó ń jẹ sẹ́ẹ̀lì lára. Glutathione wà nínú gbogbo sẹ́ẹ̀lì láti pa oró wọn. Òun kan náà ni ẹ̀dọ̀ ń so mọ́ ọ̀pọ̀ májèlé kí ara lè rí wọn tì jáde. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Rey-Pailhade, ló kọ́kọ́ rí ipa rẹ̀ nínú ìwúkàrà ní ọdún 1888. Frederick Gowland Hopkins ti Cambridge ló fún un ní orúkọ tó ń jẹ́ títí dòní, ní 1921. Èròjà mẹ́ta tó ń ti inú purotéènì wá ni ara ń so pọ̀ láti ṣe é: glutamate, cysteine àti glycine. Bí ó bá ti jà tán, agbára rẹ̀ a tán bíi bátìrì fóònù, ara a sì tún gbé e sórí iná kí ó lè padà sẹ́nu iṣẹ́. Nítorí náà, ọ̀nà mẹ́ta ni àìtó rẹ̀ lè gbà wọlé: kí ohun èlò má tó, kí ìnáwó ju owó tó ń wọlé lọ, tàbí kí iná tó ń fún un lágbára padà má dára. Kò sí ọlọ́jà ní Igbókòdá tí irú ìṣirò yìí ṣàjèjì sí.

Èwo nínú ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń mú àgbà? Ní 2011, Dókítà Rajagopal Sekhar àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Baylor College of Medicine, ní ìlú Houston ní Amẹ́ríkà, fi àgbàlagbà 8 wé ọ̀dọ́ 8. Wọ́n rí i pé cysteine àti glycine inú sẹ́ẹ̀lì pupa ẹ̀jẹ̀ àwọn àgbà kéré sí ti àwọn ọ̀dọ́, àti pé ara wọn ń fà nídìí ṣíṣe glutathione. Wọ́n wá fún àwọn àgbà náà ní ohun èlò méjèèjì fún ọjọ́ 14. Iṣẹ́ náà tún gbéra sọ, ó sì súnmọ́ ti ọ̀dọ́. Lọ́dún kan náà, wọ́n rí irú àìtó yìí lára àwọn tó ní àtọ̀gbẹ tí ṣúgà wọn kò sí ní ìkáwọ́. Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ wo ohun tí èyí ń kọ́ wa. Ilé iṣẹ́ inú ara àgbà ṣì wà níbẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sì ṣì mọ iṣẹ́ wọn. Ẹrù ni kò dé èbúté tó. Àìtó tí à ń pè ní ọ̀ràn ogbó, apá kan rẹ̀ jẹ́ ọ̀ràn àwo oúnjẹ àti ti àìsàn tí a kò tọ́jú.

Ẹlòmíràn yóò gbà á lẹ́nu mi níbí pé bí ìwádìí bá ti fi hàn pé ó ṣiṣẹ́, ká kúkú ra kápúsù rẹ̀ ká máa lò. Ìdáhùn mi kọ́kọ́ ni pé ènìyàn 16 kéré láti fi ṣe òfin fún gbogbo ayé. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ilé iṣẹ́ Nestlé dán ohun èlò méjì yẹn wò lára àgbàlagbà 114 tí ara wọn le, tí wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2022, glutathione gbogbo wọn lápapọ̀ kò gòkè lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn tí tiwọn ti lọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí ìdógùn-ún sì pọ̀ lára wọn, nìkan ló rí èrè díẹ̀. Ní ti glutathione tí a gbé mì fúnra rẹ̀, ìwádìí kan tí wọ́n ṣe lára ènìyàn 40 fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ní 2011 kò rí ìyàtọ̀ kankan. Òmíràn ní 2015, lára ènìyàn 54 fún oṣù mẹ́fà, rí i pé ó gòkè nínú ẹ̀jẹ̀. Mo gbà pé ọ̀rọ̀ náà kò tíì parí. Ṣùgbọ́n kí nǹkan gòkè nínú ẹ̀jẹ̀ yàtọ̀ sí kí ẹ̀mí gùn, kò sì sí ìwádìí ńlá kan tó ti fi hàn pé kápúsù yìí ń fi kún ọjọ́ ayé ẹnikẹ́ni. Ti abẹ́rẹ́ àti dírípù tilẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Philippines kìlọ̀ nípa rẹ̀ ní 2011, ti Amẹ́ríkà náà kìlọ̀ ní 2019 lẹ́yìn tí glutathione tí kò mọ́ tó wọ ara àwọn aláìsàn kan tó sì da ara wọn rú. Ẹni tó ń mu ọtí líle lójoojúmọ́, tí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ga, tí kì í rí ẹja jẹ, tó wá ń ra kápúsù, ńṣe ló ń pọn omi sínú apẹ̀rẹ̀.

Ká wá sórí ọ̀rọ̀ wíwọ̀n. Ó bọ́gbọ́n mu kí ènìyàn fẹ́ mọ iye tó wà lára rẹ̀ kó tó ṣe ohunkóhun. Ṣùgbọ́n glutathione kò rọrùn láti wọ̀n bíi ṣúgà. Kété tí ẹ̀jẹ̀ bá ti jáde lára ló ti ń yí padà. Àfi kí wọ́n tètè fi èròjà pàtàkì dá a dúró, kí wọ́n gbé e sínú yìnyín, kí wọ́n sì fi ẹ̀rọ olówó ńlá yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì pọ̀ ju èyí tó wà nínú omi ẹ̀jẹ̀ lọ ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlọ́po, nítorí náà bí sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ bá fọ́ sínú ìgò, òǹkà ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà ní abúlé orí omi, tó wọ ọkọ̀ ojú omi dé èbúté Igbókòdá kó tó tún wọ mọ́tò lọ sí Àkúrẹ́, yóò ti purọ́ kó tó dé láàbù. Kódà bí ó bá dé láìyẹsẹ̀, kò sí òdiwọ̀n kan tí àwọn dókítà jọ fẹnu kò lé lórí fún ìtọ́jú ojoojúmọ́. Àyẹ̀wò tí èsì rẹ̀ kò lè yí ohun tí dókítà yóò ṣe padà, owó inú omi ni. Ohun tó yẹ ká wọ̀n ni àwọn tó ń ṣọ́ glutathione àti àwọn tó ń jí i: ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru, ìlera ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín, àti ohun kan tí ọ̀pọ̀ Yorùbá kò tíì gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, ìyẹn G6PD.

G6PD ni iná tó ń fún glutathione lágbára padà nínú sẹ́ẹ̀lì pupa ẹ̀jẹ̀. Ní 1956, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà tó ń wá ìdí tí oògùn ibà tó ń jẹ́ primaquine fi ń tú ẹ̀jẹ̀ àwọn kan ká rí i pé glutathione inú ẹ̀jẹ̀ wọn kò dúró sójú kan, nítorí pé G6PD wọn kò tó. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà fi dé ilé wa. Lucio Luzzatto àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn ṣe iṣẹ́ ńlá lórí rẹ̀. Ní 1969, òun, Usanga àti Reddy fi hàn pé kòkòrò ibà kì í fẹ́ràn sẹ́ẹ̀lì tí G6PD rẹ̀ kò tó. Ìdí rèé tí àbùkù yìí fi pọ̀ láàárín wa: ó gba àwọn baba ńlá wa lọ́wọ́ ibà, wọ́n sì gbé e fún wa. Nǹkan bí ọkùnrin kan nínú márùn-ún ní ilẹ̀ Yorùbá ló ní in. Ara wọn le koko títí di ọjọ́ tí wọ́n bá gbé primaquine mì, tàbí oògùn kan nínú ìdílé sulfa, tàbí tí ọmọ ọwọ́ tó ní in bá mí òórùn káńfọ̀ tí wọ́n fi sáàárín aṣọ. Ojú a pọ́n, ìtọ̀ a dúdú, ẹ̀jẹ̀ a sì gbẹ lára. Àgbà ni oògùn rẹ̀ máa ń pọ̀ jù nínú ilé, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ọmọ ọwọ́ nìkan. Ẹ̀rọ alágbèéká wà báyìí tó ń fi ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan láti orí ìka sọ èsì láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré láyé ènìyàn ló tó ní gbogbogbòò, bí kò bá ti jẹ́ àkókò tí ẹ̀jẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ tú ká. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé báwo ni ará Ìlàjẹ yóò ṣe wọn glutathione rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ mọ G6PD rẹ̀, kí ó sì kọ ọ́ sínú káàdì ilé ìwòsàn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Ní ti ohun èlò, etíkun wa kò tòṣì. Pupuru ni oúnjẹ wa, ẹja sì ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ọgbọ́n ńlá wà nínú bí àwọn ìyá wa ṣe ń ṣe é: wọ́n a rẹ ẹ̀gẹ́ sínú omi fún ọjọ́ mélòó kan títí yóò fi kan, wọ́n a mọ ọ́n rogodo, wọ́n a yan án lórí iná. Rírẹ yìí ló ń fa ọ̀pọ̀ oró cyanide inú ẹ̀gẹ́ jáde. Díẹ̀ tó bá ṣẹ́kù, ara a pa á pẹ̀lú èròjà tó ń ti ara cysteine wá, cysteine kan náà tí à ń wá fún glutathione. Ẹni tó ń jẹ ẹ̀gẹ́ láìsí ẹja ń yá nínú àpò kan láti san gbèsè méjì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Oluwakayode Osuntokun ti Yunifásítì Ìbàdàn fi ọ̀pọ̀ ọdún láàárín 1960 sí 1979 ṣe ìwádìí àìsàn iṣan kan tó ń mú kí ẹsẹ̀ kú tipiri, kí ìrìn máa ta gọ́ọ́gọ́ọ́, kí ojú àti etí sì máa di, ní àwọn àdúgbò bíi Òṣósà ní Ìjẹ̀bú tí ẹ̀gẹ́ ti jẹ́ oúnjẹ àárọ̀ àti alẹ́. Ó rí i pé irú èròjà tí cysteine wà lára wọn yìí lọ sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn náà. Àwọn tó tẹ̀ lé e ṣì ń jiyàn lórí bí ẹ̀gẹ́ ṣe jẹ́ okùnfà sí, ṣùgbọ́n ẹni tó ń jẹ ẹ̀gẹ́ lójoojúmọ́ nílò purotéènì nínú àwo rẹ̀.

Mélòó wá ni purotéènì tó tó? Ní 2013, ẹgbẹ́ àwọn ògbóǹtarìgì tó ń jẹ́ PROT-AGE dá a lábàá pé kí ẹni tó ti lé ní 65 ọdún máa jẹ gíráàmù purotéènì 1.0 sí 1.2 fún kílò kọ̀ọ̀kan tí ara rẹ̀ wọ̀n, lójúmọ́, àyàfi ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ní àìsàn tó le. Àgbà tó wọn kílò 60 nílò gíráàmù 60 sí 72. Gíráàmù 100 ẹja tútù ní nǹkan bí 18 sí 20 nínú. Ìdajì ohun tó nílò lè ti inú ẹja wá, kí ẹ̀wà, ẹyin, ẹ̀pà àti edé parí ìyókù. Glycine, tó máa ń wọ́n nínú oúnjẹ ọ̀pọ̀ ènìyàn, wà lọ́pọ̀lọpọ̀ nínú awọ ẹja, orí rẹ̀ àti egungun rẹ̀ tí a sè títí ó fi rọ̀ sínú ọbẹ̀. Ohun tí ọmọdé ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo ni àgbà nílò jù.

Àwọn tó ń ná glutathione wa dànù wá kù. Àkọ́kọ́ ni ògógóró. Kì í ṣe ti methanol tó pa ènìyàn ní Òde-Ìrèlè ní 2015 nìkan ni mò ń sọ. Ògógóró tó mọ́ lóló náà, bí ó bá di ti ojoojúmọ́, a máa gbẹ glutathione inú ẹ̀dọ̀ àti ti inú ẹ̀dọ̀fóró. Ìkejì ni paracetamol tí a ń lò bí ẹni ń jẹ gúgúrú. Ní àwọn ọdún 1970 ni wọ́n rí i pé àpọ̀jù rẹ̀ ń jẹ glutathione ẹ̀dọ̀ tán, ẹ̀dọ̀ a sì kú. Oògùn acetylcysteine, tó ń fún ara ní cysteine, ni wọ́n ń fi gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ là títí dòní. Hóró oní-mílígíráàmù 500 mẹ́jọ lójúmọ́ ni ẹnu ààlà fún àgbàlagbà, kò sì yẹ kí ẹni tó ń mutí tàbí tí kò jẹun kánú súnmọ́ ọn. Ìkẹta ni èéfín. Omi tín-ín-rín tó bo inú ẹ̀dọ̀fóró ní glutathione tó ju ti omi ẹ̀jẹ̀ lọ ní ìlọ́po tó lé ní 100, nítorí pé ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti kọ́kọ́ ń bá ara pàdé. Àwọn ìyá tó ń yan ẹja láti àárọ̀ dalẹ́ ní etíkun wa ń ná èyí lójoojúmọ́. Bẹ́ẹ̀, ó ti lé ní 50 ọdún tí wọ́n ti ṣe ààrò Chorkor ní Ghana, èyí tí ń dín igi àti èéfín kù, àjọ FAO sì ti ṣe ìlọsíwájú lórí rẹ̀ ní Senegal láti dín oró inú ẹja yíyan kù.

Àtakò tó wúwo jù lọ kù sẹ́yìn: pé mò ń sọ̀rọ̀ ẹja fún àwọn tí òkun wọn ti bàjẹ́. Òótọ́ ni. Ní oṣù Karùn-ún 2020, kànga epo Ororo-1 gbiná nínú òkun nítòsí Awóyè, iná náà sì jó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Apẹja ń lọ jìnnà kó tó rí ohun tí bàbá rẹ̀ ń rí nítòsí ilé, iye tí ẹja ń jẹ́ sì ń ga. Síbẹ̀, àtakò yìí kò gbé kápúsù lárugẹ; ó fi hàn pé ọ̀rọ̀ glutathione kì í ṣe ti ẹnì kan nínú yàrá rẹ̀. Ẹja eléegun lè yọ ọ̀pọ̀ oró epo kúrò lára ara rẹ̀, ìṣáwùrù àti àwọn oníkarahun kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ dáadáa, nítorí náà kí a yẹra fún wọn níbi tí epo bá ti bo omi, ká sì ju ẹja tó bá ń rùn epo nù. Ìyókù ń bẹ lọ́wọ́ ìjọba. Àwọn àjọ ìjọba tó wà fún agbègbè elépo, OSOPADEC àti NDDC, lówó tí wọ́n ń ná ní orúkọ wa. Kí wọ́n máa yẹ ẹja ọjà Igbókòdá wò fún oró epo, kí wọ́n sì máa kéde èsì ní èdè Ìlàjẹ. Kí wọ́n gbé ẹ̀rọ G6PD àti ti ṣúgà sí àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké orí omi. Kí wọ́n ran àwọn ìyá tó ń yan ẹja lọ́wọ́ láti ní ààrò tí kì í rú èéfín. Owó rẹ̀ kò tó ohun tí à ń ná sórí àwọn nǹkan tí kò kan ẹ̀mí ẹnikẹ́ni.

Àwọn kan yóò ní àwọn bàbá wa mu ògógóró, wọn kò mọ glutathione, wọ́n sì dàgbà dógbó. Àwọn tó dàgbà la rí. Àwọn tí ẹ̀dọ̀ wọn kú ní 45 ọdún kò sí níbí láti jẹ́rìí. Àwọn tó dàgbà náà jẹ ẹja tuntun, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn wa ọkọ̀, omi wọn sì mọ́. Ohun tí a lè dá padà lónìí láìdúró de ìjọba kò ju ẹyọ kan lọ. Ẹja tó dára jù nínú àwọ̀n ló ń kọ́kọ́ wọ ọjà, ìyá àgbà tó sì kọ́ wa bí a ṣe ń yan án ń fi omi ọbẹ̀ lásán jẹ pupuru nílé. Kí ọjà tó gbé agbọ̀n lọ, ẹ mú ẹja kan sílẹ̀ fún un.